Rédíétọ̀ Ọwọ́ Òsì

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú gan-an, nígbà tí ọkùnrin kan ti alùpùpù gíga kan dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹrẹ̀ bò ó dé ojú, eyín nìkan ló funfun lára rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tún rédíétọ̀ ṣe níbẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ajórin, gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́, àyà rẹ̀ sì já. Ó ní ooru ló fà á.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," ọkùnrin náà wí. "Omi ń hó nínú ẹ̀."

"Ẹ̀yin gan-an ń hó. Ẹ jókòó síbòòji kí ẹ tó yọ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó.

Irú alùpùpù tó ń gun òkè bẹ́ẹ̀ máa ń ní rédíétọ̀ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, omi kan náà tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù ló sì ń yí kiri nínú wọn. Ajórin fọwọ́ kan tọ̀tún, ó fà á padà kíá nítorí pé ó gbóná. Ó fọwọ́ kan tòsì, òun tutù. Ìrì sẹ̀ sí i lára nínú oòrùn yẹn. Nígbà tí tọ̀tún rọlẹ̀ tí wọ́n ṣí ìdérí, èémí gígùn kan ti inú tòsì jáde bíi ti ẹni tó yíra padà lójú oorun.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Ajórin béèrè.

"Mo máa ń gbọ́ ọ," ọkùnrin náà dáhùn jẹ́ẹ́. "Ní kọ́nà kẹta lórí òkè, ẹ̀yìn mi ló ti máa ń mí."

Agunkè ni wọ́n ń pè é, torí pé òun ló ń gbé oògùn lọ fún àwọn ará abúlé orí òkè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni alùpùpù náà. Kọ́nà kẹta yẹn ni ẹ̀gbọ́n náà ti ṣubú, tó sì kú, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Rédíétọ̀ ọ̀tún fọ́ lọ́jọ́ náà, Agunkè sì ti pààrọ̀ rẹ̀. Tòsì kò fọ́, Agunkè kò sì fẹ́ jù ú nù, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án.

Bàbá Ajórin, tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti ẹ̀yìn ilé wọlé. Ó rí alùpùpù náà, ó dúró gbagidi, ó sì padà síbi tó ti ń bọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ kì í tán lára alùpùpù Agunkè. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ló ń wá fọ̀ ọ́. Ajórin kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rọra da omi láti ẹ̀yìn, kí ẹrẹ̀ lè jáde láìtẹ àwọn irin tín-ín-rín tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má rọ omi ẹ̀rọ lásán sí i mọ́, kúláǹtì, omi tí wọ́n dìídì ṣe fún rédíétọ̀, ni kó máa lò.

"Tí mo bá sì fẹ́ ra tuntun ńkọ́?"

"Èyí tó tóbi ń gba omi púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá yọ síta jù, òkúta ló máa fọ́ ọ. Èyí tó bá bá ẹ mu ni kó o yàn, kó o wá fi irin dáàbò bò ó."

"Bí wọ́n ṣe ń yan ìyàwó náà nìyẹn?"

"Ta ló dárúkọ ìyàwó? Rédíétọ̀ là ń sọ."

"Mo gbọ́, ọ̀gá mi. Èyí tó bá mi mu ni mo ń wò yìí."

Ajórin dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Agunkè ní òun fẹ́ wá rí bàbá, bàbá kọ̀ jálẹ̀. "Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó ń gun alùpùpù òkú." Ajórin sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, bàbá ò gbà.

Ajórin rò pé bí òun bá tú rédíétọ̀ òsì náà, tí òun fọ inú rẹ̀ mọ́, ẹ̀rù rẹ̀ kò ní ba bàbá mọ́. Agunkè gbé e fún un. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ajórin nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan mí sí i lọ́rùn lẹ́yìn. Ó yíjú padà, kò rí ẹnì kankan.

Nǹkan eérú-eérú kan ti gan pa bíi sìmẹ́ńtì nínú rédíétọ̀ náà. Ajórin mọ̀ ọ́n. Páúdà ni, èyí tí àwọn oníṣẹ́ tó ń kánjú máa ń dà sí rédíétọ̀ tó ń jò, tó bá sì pọ̀ jù, á dí ọ̀nà omi. Ó ha ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kúrò. Gbogbo oníṣẹ́ rédíétọ̀ ládùúgbò ló máa ń lu àmì tirẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ tó bá ṣe. Àpá ìṣó kéékèèké mẹ́ta ló wà níbẹ̀, lórí ìlà kan. Àmì bàbá rẹ̀ ni.

Fáìlì irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó bá fi ha àmì náà, Agunkè ò ní mọ̀ láé, yóò sì fẹ́ ẹ. Ajórin mú fáìlì náà, ó fi kan àmì náà. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì gbé rédíétọ̀ tọ bàbá lọ.

Bàbá wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Agunkè ń kánjú lọ́jọ́ náà, èmi náà ń kánjú. Dípò kí n fi iná jó ibi tó ń jò pa, mo da páúdà sí i, mo ní kó padà wá lọ́la. Ó gun òkè lọ. Ẹ́ńjìnì gbóná, ó gan mọ́ ọn nídìí ní kọ́nà. Látìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù."

Ajórin fúnra rẹ̀ ló lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Agunkè, ó sì fi àmì náà hàn án. Agunkè gba rédíétọ̀ náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì wọlé lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi yọjú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ó dé. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé orí òkè."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹsẹ̀ rìn ín. Ní kọ́nà kẹta, atẹ́gùn ò fẹ́, ṣùgbọ́n koríko tẹ̀ sílẹ̀ lójú kan, bí ìgbà téèyàn jókòó lé e. Bàbá kúnlẹ̀ síwájú ibẹ̀.

"Ọmọ mi, èmi ni. Mo kánjú, mo sì fi pa mọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Wọ́n dúró. Koríko náà rọra ń nàró, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi bá ìyókù dọ́gba.

Agunkè fa bàbá dìde, òun náà wá kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

"Níbí?"

"Níbí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni ì bá bá mi wá tọrọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ tọrọ rẹ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ò sí."

Omijé bọ́ lójú bàbá. "Mo fún ọ, ọmọ mi. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo dá lóhùn."

Ajórin nu ojú. "Ẹ ti parí ọ̀rọ̀ láàárín ara yín, kò sẹ́ni tó bi èmi."

Agunkè yíjú sí i, orúnkún rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Ọ̀gá mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ," Ajórin wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa yẹ omi alùpùpù ẹ wò láràárọ̀ kó o tó jáde. Mi ò sì ní kánjú."