Ẹja Tí Bámijókò Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Èyí kì í ṣe àlọ́. Gbénga, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, ṣì wà ní Emùré títí dòní. Bí ẹnikẹ́ni bá fi odò tó ti ṣẹlẹ̀ dápàárá lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í bá a rẹ́rìn-ín.

Bámijókò ń dáko kòkó àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò ẹ̀yìn oko rẹ̀ bá ti fà, tí omi rẹ̀ mọ́ gaara, ọ̀kọ̀ ló máa ń mú lọ síbẹ̀. Òjìji tó bá kọjá lábẹ́ omi ti tó fún un láti sọ pé àrọ̀ nìyí, òbókún nìyẹn. Ẹpìyà tó bá kó ọmọ sẹ́nu, kò jẹ́ gún un. Èyí tí kò bá sì mọ orúkọ rẹ̀, á jẹ́ kó máa lọ. Ó ní ojú ló ń kọ́kọ́ pẹja, ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń bọ̀ wálé láti Ìkẹ́rẹ́, níbi tó ti ń kàwé. Bámijókò fẹ́ kó bá ẹja tútù nílé. Òun àti Gbénga, tí oko wọn jọ pààlà, ti wà létí odò láti àárọ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Ọ̀sán ti pọ́n, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kò jẹ́ kí oòrùn hàn.

Lójijì, àwọn ẹyẹ dákẹ́. Gbénga ní òun ń rí i tí omi ń ṣàn, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ọ mọ́.

Nǹkan kan wá láti ìsàlẹ̀ odò. Ó gùn, ó fẹ̀, kò sì ju ìrù. Ó dúró síwájú Bámijókò gan-an.

"Ẹja wo nìyẹn?" Gbénga bi í.

"N ò mọ̀ ọ́n."

"Fi í lẹ̀, jàre."

Bámijókò gbé ọ̀kọ̀ sókè. Ó ro ọmọ rẹ̀. Ó gún nǹkan náà.

Ọ̀kọ̀ náà wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọnú ẹ̀kọ. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Nǹkan náà kò jà. Ó yí ojú sókè, ó wo Bámijókò, ó pẹ́ tó ń wò ó, bí ẹni tí kò fẹ́ gbàgbé ojú ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀kọ̀ náà lọ sí òkè odò, kò yára. Àwọn ẹyẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Nígbà tí wọ́n délé, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bámijókò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bi í pé ta ló ń wá. Dorcas, ìyàwó rẹ̀, ni. Dorcas rò pé ó ń bá òun ṣeré ni, àfi ìgbà tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jáde láti inú ilé, tí bàbá rẹ̀ kí òun náà bí àlejò.

Dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá ní kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ̀. Lóòótọ́, ó ń ka Bíbélì rẹ̀ kedere. Ojú ènìyàn nìkan ni kò dá mọ̀ mọ́. Ó ní gbogbo wọn dà bí ohun tó wà lábẹ́ omi.

Ohùn ló wá fi ń mọ ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á dárúkọ ara rẹ̀, bàbá rẹ̀ á sì na ọwọ́ sí i. Ohun kan náà ló máa ń sọ fún un: "Torí kí o lè rí ẹja jẹ ni, ọmọ mi. Ǹ bá mọ̀, ǹ bá fi í lẹ̀."

Ọmọ náà padà sí Ìkẹ́rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Dorcas wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bámijókò nìkan ló wà nílé. Ẹnì kan pè é láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, èmi Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni. Mo ti dé ulé."

Inú rẹ̀ dùn, ó ní kó wọlé. Ó bu iyán fún un, ẹni náà kò fọwọ́ kàn án. Bámijókò jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù. Bámijókò rò pé ọyẹ́ ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kó foríji òun, ọwọ́ òun ló ṣáájú ojú òun.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni ohùn náà wí.

Ìgbà náà ni Dorcas wọlé, ó gbé fóònù sétí. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, láti Ìkẹ́rẹ́.

"Bàbá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀," ó ní, "ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Kò sí ẹnì kankan lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bámijókò. Omi ló ń kán sílẹ̀ láti ara àga náà, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ odò.

Nígbà tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wálé lẹ́yìn ìyẹn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dárúkọ ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn. Ó bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, ó bi í ní orúkọ ìyá àgbà. Ọmọ náà dáhùn gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bámijókò kò mọ̀ bóyá ohun tó wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà yóò lè dáhùn wọn. Nígbà tí Dorcas dé láti ẹ̀yìnkùlé, tó ṣílẹ̀kùn, ọmọ náà ti ń sunkún. Ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fa tirẹ̀ sẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kì í dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó kàn ń wọlé, ó ń kọjá lọ bá ìyá rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ìrọ̀lẹ́ mìíràn, ẹnì kan ṣì ń pe Bámijókò láti ẹnu ọ̀nà. Ohùn Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló fi ń pè é ní "Bàbá". Bámijókò ti ṣèlérí fún Dorcas pé òun kò ní dáhùn. Kò rọrùn fún un.