Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ìran Ẹṣin

Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni Begimai ti kọ́kọ́ rí Meiram. Yìnyín ń já wálẹ̀ ní ìlú Bishkek bí òwú, ọkùnrin náà sì ti bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó fi bo àpótí kan, òun fúnra rẹ̀ wá ń gbọ̀n rìrì.

"Ṣé kò sí nǹkan o?" ni Begimai pè é láti ìsàlẹ̀. "Àpótí lẹ wọ ẹ̀wù fún?"

"Àpótí ò gbọdọ̀ tutù. Èmi lè tutù." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin ni olùkọ́ tí ò jẹ́ kí ọ̀gá mi sinmi?"

Òun ni. Begimai ń kọ́ni nípa ohun ẹlẹ́mìí ní yunifásítì, ìran ẹṣin orí òkè ló sì ń wádìí. Tẹ́lẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó lè ka DNA rẹ̀, èsì a sì pẹ́ títí kó tó dé. Ó bẹ àwọn alákòóso àti àwọn tó ń ta ẹ̀rọ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ̀rọ wá dé wàyí nínú àpótí yẹn, Meiram, ará ìlú Almaty lẹ́yìn ààlà, ló sì wá tò ó.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan. Ojoojúmọ́ ni Meiram ń rí nǹkan tún ṣe.

"Ẹ̀rọ ni ò tíì jókòó dáadáa ni, àbí ìwọ ni o ò fẹ́ dìde?" Begimai ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbé tíì síwájú rẹ̀.

"Èmi ni, olólùfẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Begimai wolẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Kasymaly, bàbá Begimai, tó ń sin ẹṣin ní Naryn lórí òkè, kò fara mọ́ ìfẹ́ wọn. "Ará Almaty? Ọmọ mi ò ní í fẹ́ àjèjì." Nígbà tó rí omijé ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ògidì ìran àtijọ́ ni akọ ẹṣin mi. Kí ẹ̀rọ yín jẹ́rìí sí i, kí n fún ọkùnrin yẹn lọ́mọ mi."

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin. Èsì jáde: àdàlù ni, kì í ṣe ògidì.

Begimai yí ìwé èsì náà dojú délẹ̀. "Meiram, ṣé a ò lè dákẹ́ ná?"

"Bí a bá parọ́ lórí ẹyọ kan, ta ló máa gba èyí tó kù gbọ́? Iṣẹ́ rẹ nìyẹn, Begimai."

Meiram àti Begimai dé Naryn, Meiram gbé ọwọ́ lé àyà, ó kí bàbá. "Bàbá, ẹṣin yín dára, àmọ́ àdàlù ni. Ẹ má bínú."

Kasymaly jáde lọ bá ẹṣin, ó ń fọwọ́ pa á lọ́rùn. Nígbà tó wọlé, ó ní:

"Ṣé ìyẹn ní kó má lè sáré mọ́ ni?"

"Rárá o, bàbá."

"Kò sẹ́ṣin tó lè bá a sáré ní gbogbo Naryn." Ó wo Meiram, ó wo ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Bí àdàlù bá ń yára báyìí, ẹ fẹ́ ara yín, ká wo ti ọmọ-ọmọ."

Nígbà tí koríko hù lórí òkè, ìyá Meiram ti Almaty wá. Ó fi yẹtí fàdákà, àmì ìyàwó àfẹ́sọ́nà, sí etí Begimai, ó fẹnu kò ó níwájú orí, ó sì pè é ní ọmọ mi.