Wíwọlé Láì Kágò

Ìlẹ̀kùn kíláàsì Motúnráyọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ tí Tìmílẹ́yìn kọ́kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Ìkọ̀lé láti wá so íńtánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Àgò o, tíṣà!"

Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. Ta ló ń kágò ní kíláàsì? Ṣùgbọ́n ọkàn tíṣà ti bá àlejò lọ. "Àgò yà," ló dáhùn, ibẹ̀ sì ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe yá tó.

Nígbà tí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fi ń sún mọ́lé, Tìmílẹ́yìn ti gbé ráútà kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, sí pálọ̀ ìyá Motúnráyọ̀, kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lè máa kàwé lórí kọ̀ǹpútà. Ìbàdàn ni Tìmílẹ́yìn fúnra rẹ̀ ń gbé. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe ségesège, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí tí yóò wọ inú ẹ̀rọ náà tún un ṣe. Motúnráyọ̀ a sì máa fi í yangàn.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó pè é lórí fóònù.

"Ayọ̀ mi, kókó inú ọmú yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Ara Motúnráyọ̀ tutù. Kókó náà wà lóòótọ́, kò ju ẹ̀wà lọ. Kò sọ fún ìyá rẹ̀, kò sọ fún àlùfáà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń kà nípa rẹ̀ tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo rí ohun tí ò ń kà nínú àkọsílẹ̀ ráútà. Àyà mi ló já."

Láti ọjọ́ náà ni iná ráútà tó ń ṣẹ́jú ti dà bí ojú ènìyàn lójú Motúnráyọ̀. Ẹ̀rù kókó ń bà á, ẹ̀rù ọkọ tó fẹ́ fẹ́ tún ń bà á. Bó bá wọ ilé ọkùnrin yìí, kí ló máa kù tó jẹ́ tirẹ̀?

Ó ní kí wọ́n sún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú. Ìyá rẹ̀ fárígá.

"Ọmọ tó ń tọ́jú rẹ báyìí! Ulé ire ló ti wá, uṣẹ́ sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí lo tún ń wá?"

Ní Sátidé, Tìmílẹ́yìn dé pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára ṣòkòtò. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìta ló dúró sí.

"Àgò o."

"Ìsinsìnyí lo wá rántí àgò?"

"Mo ṣẹ̀, Ayọ̀ mi. Mo rò pé ìfẹ́ ni."

"Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ò ń bà mí lẹ́rù. Wọlé wá ti ìlẹ̀kùn tó o ń gbà wọlé láti Ìbàdàn."

Tìmílẹ́yìn wọlé, ó so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fi ibi tí ẹni òkèèrè ń gbà wọlé hàn án. "Ìwọ ni kó o pa á." Motúnráyọ̀ tẹ̀ ẹ́. "Ó yá, yí páswọ́ọ̀dù padà." Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán ló dìde, ó kọjú sí ògiri.

"Ṣé o ò ní wò ó ni?"

"Rárá."

Motúnráyọ̀ tẹ páswọ́ọ̀dù tuntun wọlé; iná ráútà kú, ó tún tàn. Tìmílẹ́yìn alára kò lè wọ ibẹ̀ mọ́. Motúnráyọ̀ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó ti làágùn, àánú àti ìfẹ́ dà bò ó.

"Tìmí, má tíì yíjú o. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ."

"Mò ń gbọ́."

"Kókó kan wà nínú ọmú mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó lọ́jọ́ Ajé. Ṣé wàá bá mi lọ?"

Ohun tí Tìmílẹ́yìn ti mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un.

"Màá bá ẹ lọ. Ṣé kí n yíjú?"

"Àgò yà," Motúnráyọ̀ dáhùn.