Yangóna Inú Apẹ̀rẹ̀ Igi

"Baba Apisai ò sí nílé," ni Kelera wí fún àwọn àlejò náà. "Wọ́n ti lọ sóko kókò láti àárọ̀. Ẹ jókòó sábẹ́ igi níbí, ẹ mu omi àgbọn. Wọn ò ní pẹ́ dé."

Tọkọtaya ni àwọn àlejò náà, láti Kánádà. Joanne ni ìyàwó ń jẹ́, Craig ni ọkọ. Ọkọ̀ ojú omi ló já wọn sétí òkun Nadilo, abúlé wa, awakọ̀ sì ti sọ pé òun yóò padà wá gbé wọn kí oòrùn tó kan àtàrí. Joanne gbé ìdì yangóna kan dání, gbòǹgbò gígùn tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Ẹni tó tà á fún wọn nílùú ti fi rìbọ́nì pupa dì í lọ́rùn. Kò sí àlejò tó ń wọ Nadilo láìgbé irú ìdì bẹ́ẹ̀ síwájú Baba Apisai, olórí abúlé. Bàbá yóò gbà á, yóò pàtẹ́wọ́, yóò gbàdúrà. Wọn á gún un, wọn á fi omi pò ó, gbogbo ẹni tó bá wà nílé á sì mu nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, àlejò ti di ọmọ ilé.

"Wọn ò ní pẹ́ dé yìí, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?" Craig béèrè, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Kelera rẹ́rìn-ín. "Bí kókò bá ṣe pọ̀ tó ni o."

Craig kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín Kelera náà kò dénú, torí ó ní ohun tó ń já a láyà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn nílé ìwé tó wà lódìkejì òkun, ìsinmi ló mú un wálé. Níbẹ̀rẹ̀ ìsinmi yìí ni Baba Apisai fa ọ̀nà Savu lé e lọ́wọ́. Savu ni omi tó ń já láti orí àpáta lẹ́yìn abúlé wa, òun gan-an ni àwọn àlejò ń tìtorí rẹ̀ wá. Ọ̀pá gúáfà kan wà tí ẹni tó ń mú wọn lọ máa ń fi wọn bí omi odò ṣe jìn tó kí wọ́n tó sọdá. Láti ayé àwọn baba wa, ọwọ́ ọkùnrin ni ọ̀pá yẹn ń wà. Nígbà tí Baba Apisai gbé e fún Kelera, inú àwọn ọ̀dọ́kùnrin kò dùn rárá, pàápàá Vilive, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ti ń retí ọ̀pá náà tipẹ́.

"Kelera, ṣé ọ̀pá lo mú dání ni àbí orógùn?" Vilive á pariwo bó bá ti rí i lọ́nà.

"Bó bá jẹ́ orógùn ni, ìwọ náà á jẹ nínú ohun tí mo bá fi rò," Kelera á dá a lóhùn, gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun. Bí nǹkan kan bá wọ́ pẹ́nrẹ́n, ọ̀pá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Awakọ̀ wa sọ pé ní Nakalou, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni," ni Joanne wí pẹ̀lú sùúrù. "Bí kò bá ṣeé ṣe níbí, kò burú. A máa ní kó gbé wa lọ sọ́hùn-ún."

Nakalou ni abúlé kejì. Àwọn náà ní omi tó ń já láti orí àpáta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kò ju omi orí páànù lọ. Lóṣù tó kọjá, àwọn àlejò kan ti kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé Nadilo dára ṣùgbọ́n ìdúró ibẹ̀ ti pọ̀ jù, láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ sì ti ń dín kù lọ́dọ̀ wa. Kelera ro ohun tí Vilive máa sọ bí ó bá gbọ́ pé àwọn àlejò dé ọwọ́ òun tí wọ́n sì yí padà. Ó wo ọ̀nà oko, kò rí ẹnì kankan. Àwọn ọkùnrin wà lóko, omi òkun ti fà, àwa obìnrin sì wà nínú rẹ̀ tí à ń ṣa ìkarawun.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká tètè lọ ká bọ̀. Ẹ fún mi ní yangóna yẹn. Tí a bá dé, a ó gbé e fún Baba."

Ó gba ìdì náà, ó rìn lọ sẹ́yìn ilé ìdáná ìyá àgbà rẹ̀, ó tì í sínú apẹ̀rẹ̀ igi ìdáná, ó sì fi igi méjì bò ó. Ìyá àgbà Merelita ń sùn. Kelera mú ọ̀pá tó fi ti ara ògiri, wọ́n sì gba ọ̀nà Savu lọ.

N kò ní purọ́, wọ́n gbádùn ara wọn. Wọ́n fi òkúta sọdá odò, wọ́n gun òkè díẹ̀, wọ́n sì bọ́ síbi tí omi ti ń já. Joanne bọ́ bàtà, ó wọ inú omi tòun taṣọ, ó ń pariwo bí ọmọdé. Craig ya fọ́tò títí ó fi sú u, òun náà bá wọlé. Kelera jókòó sórí òkúta, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ń ro bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ọmọbìnrin kan ní Nadilo kò fi àkókò ṣòfò.

Ìgbà náà ló rí ewé. Ewé tútù ń bá omi bọ̀, ewé kan, ewé méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ka igi. Omi tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ ti ń pọ́n. Oòrùn ń ràn lórí wọn, ṣùgbọ́n Kelera mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: òjò ti rọ̀ lórí òkè.

"Ẹ jáde! Ẹ jáde nínú omi yẹn kíá!"

Wọ́n jáde, wọ́n sáré dé ibi tí wọ́n ti sọdá, àwọn òkúta kò sí níbẹ̀ mọ́. Omi ti bò wọ́n. Kelera ti ọ̀pá bọ inú odò, omi fà á débi pé díẹ̀ ló kù kó fa òun náà wọlé. Ó kó àwọn àlejò padà sẹ́yìn, ó mú wọn gun òkìtì gíga kan lábẹ́ igi ńlá. Àpáta ló wà lẹ́yìn wọn, omi ló wà níwájú, omi náà sì ń gòkè bọ̀.

Craig gbé fóònù sókè, kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. "Kò sí wàhálà," ó wí. "Wọ́n máa wá wa wá. Ṣebí wọ́n mọ̀ pé a wà níbí?"

Kelera lè parọ́. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n ó wo ojú Joanne, ó rí i pé òun ló gbára lé.

"Wọn ò mọ̀," ó wí. "Kò sẹ́ni tó mọ̀. Yangóna tí ẹ mú wá ló yẹ kó sọ fún wọn, mo sì fi í pa mọ́. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Joanne na ọwọ́, ó di ọwọ́ Kelera mú. Ìyẹn ló pa ọmọ náà lẹ́kún.

Ní abúlé, àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti òkun dé. Mo ń gbọn omi kúrò lára apẹ̀rẹ̀ mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá àgbà Merelita láti ẹ̀yìn ilé ìdáná.

"Ẹ wá wo nǹkan o! Láti ọjọ́ tí mo ti ń dáná, n ò tíì rí igi tó wé gèlè!"

A sáré lọ. Ó gbé ìdì náà dání, rìbọ́nì pupa ń fì. A rẹ́rìn-ín títí, àfi bí ẹ̀rín ṣe dá mọ́ wa lẹ́nu lójijì. Yangóna tí wọ́n di báyìí, àlejò nìkan ló ń mú un wá. Àlejò wo? Ta ló gbà á? Ìyá àgbà wo ara ògiri, kò rí ọ̀pá Savu níbẹ̀.

"Vilive!" ó kígbe. Vilive ti oko dé ṣáájú àwọn yòókù, ó wà lábẹ́ igi, ó ń tún àwọ̀n ṣe. "Gbé èyí tọ Apisai lọ lóko. Sáré! Má dúró kí ẹnikẹ́ni."

Vilive sọ fún wa lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun gbé ìdì náà fún Baba Apisai, Bàbá kò bi òun ní ìbéèrè kankan. Ó wo yangóna, ó wo orí òkè. Kùrukùru dúdú ti bà lé òkè láti àárọ̀. Gbogbo wọn ló rí i lóko, wọ́n tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé kókò á romi mu. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wà ní Savu, Baba Apisai kì í lọ sóko rárá, ojú rẹ̀ kì í kúrò lórí òkè, bí kùrukùru bá sì fi lè bà, kíá ni àwọn géńdé á ti kó okùn lọ sódò. Ìdí nìyẹn tí yangóna fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀ àlejò.

"A ní ọmọ lódò, a ò sì mọ̀," ni Baba Apisai wí. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀.

Wọ́n kó okùn tí wọ́n fi ń di kókò, wọ́n gé igbó já láti oko. Nígbà tí wọ́n fi dé odò, omi ti ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Craig lórí òkìtì náà. Vilive so òkúta mọ́ orí okùn, ó jù ú sódìkejì, okùn bọ́ sómi. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, Kelera fi ọ̀pá gúáfà wọ́ ọ mọ́ra, ó sì so ó mọ́ igi. Àwọn géńdé wọ inú omi, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, wọ́n kó wọn sọdá lọ́kọ̀ọ̀kan. Joanne kọ́kọ́ sọdá, bàtà rẹ̀ ti bá omi lọ. Craig tẹ̀ lé e. Kelera ló kẹ́yìn.

Vilive ló mú un gòkè. "O ò jẹ́ ránṣẹ́ pè mí kí n wá jẹun," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kó o tó máa fi orógùn yẹn ro ó." Ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Baba Apisai jókòó lórí ẹní, ó gba yangóna náà lọ́wọ́ Joanne bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ti di ọmọ wa," ó wí. "Ohun tó bá ṣe yín, àwa ló ṣe."

Craig tẹríba. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ yẹn wí. Àwa la kán an lójú."

"Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran," Bàbá dáhùn. "Ẹ̀yin ò mọ̀. Òun mọ̀."

Ó na ọwọ́ sí Kelera, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú, kò pariwo, ìyẹn ló sì dun ọmọ náà jù. Kelera gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́, Bàbá sì gbé e fún Vilive. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, Kelera á máa pàdé àlejò létí òkun, á máa mú wọn wá sílé òun, kò sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ọ̀nà Savu. Vilive gba ọ̀pá, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo rò pé wọ́n á lọ sí Nakalou ni," Kelera sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ nídìí iná, ó ń sunkún.

"Kí wọ́n lọ! Ṣé inú igbó ni Nakalou wà ni? Ṣebí ènìyàn náà ló ń gbé ibẹ̀? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi. Nu ojú rẹ, kó o bá mi mú igi wá. Èyí tí kò wé gèlè o."

Ìsinmi yẹn parí, òmíràn dé. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin láti Ọsirélíà dé sétí òkun. Baba Apisai tún wà lóko. Kelera fún wọn lómi àgbọn, ó ní kí wọ́n dúró.

"Ẹ kàn gba yangóna yìí, kẹ́ ẹ jẹ́ ká lọ," ọ̀kan nínú wọn wí. "Àbí ká lọ sí Nakalou?"

Vilive ń wo Kelera láti abẹ́ igi, èmi náà ń wò ó láti ibi tí mo ti ń hun ẹní.

"Nakalou dára," ó wí. "Ènìyàn dáadáa ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, ẹ máa dúró de Baba."

Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ wọn lọ. Kelera dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi lọ jìnnà.

Nígbà tí Baba Apisai dé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, Kelera fúnra rẹ̀ ló lọ pàdé rẹ̀. "Baba, àlejò wá. Mo ní kí wọ́n dúró, wọn ò dúró."

"Wọ́n gbé yangóna dání?"

"Wọ́n gbé e."

"O ò gbà á?"

"Mi ò gbà á, Baba. Èmi kọ́ ló ni ín."

Bàbá yà sí abẹ́ igi lọ́dọ̀ Vilive, ó na ọwọ́.

"Ẹ gbà á, Baba," Vilive wí kíá, "ìbéèrè àwọn àlejò ti fẹ́ fọ́ mi lórí."

Baba Apisai padà wá, ó gbé ọ̀pá gúáfà náà síwájú ọmọbìnrin náà. "Orógùn rẹ rèé," ó wí. Àṣé ó ti ń gbọ́ gbogbo yẹ̀yẹ́ wọn tipẹ́.

Kelera rẹ́rìn-ín tòun tomijé. Títí di òní, òun ló ń mú àlejò lọ sí Savu, kò sì tíì sí èyí tó kọjá ilé Baba Apisai láìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá ń kán yín lójú pé kẹ́ ẹ fo ohun tí àwọn àgbà fi lélẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣọ́ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ó sàn kí àlejò bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ ju kó wà nínú ewu láàárín ilé yín, kí ará ilé má sì mọ̀.