Orúkọ Méjìlá Tí Ìràwọ̀ Kan Kó Jọ

Mọ́nsúrátù jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, inú ń bí i. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti jáde lọ jẹun ọ̀sán ní Fọlá Àgòrò, òun nìkan ló kù nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. "Serifat, o ò tíì rí nǹkan kan," ló ń sọ lábẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Serifat, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, já èsì ìdánwò àṣejáde Mọ́nsúrátù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì kà á sókè lójú gbogbo wọn: "Máàsì, F9. Físíìsì, F9." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, kó ṣáà gbẹ̀san ló ń wu Mọ́nsúrátù.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọ̀sán yìí ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé, máa yẹ iṣẹ́ wọn wò, kó lè gba ẹnì kan ṣoṣo síṣẹ́. Kò tíì pé ọdún méjì tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ní Ṣómólú ni, gbogbo wọn ló sì ń wá àyè yẹn lójú méjèèjì. Fáìlì méjìlá ni iṣẹ́ Serifat, láti serifat01 dé serifat12, ojú ewé kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá ti kọ àṣẹ kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà, ó pè é ní gbale, torí pé ṣe ló ń gbá ìdọ̀tí dànù. Fáìlì tí èèyàn bá dárúkọ fún un ló máa pa rẹ́. Mọ́nsúrátù kò ráyè dárúkọ méjìlá. Ó rántí pé wọ́n ti kọ́ wọn pé àmì ìràwọ̀ kan ṣoṣo, *, lè dúró fún ohunkóhun tó bá kù lára orúkọ. Ó tẹ gbale serifat*, ó ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ, ó sì jáde bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ewé kan péré ni wọn ò rí nínú iṣẹ́ Serifat. Kò pẹ́ rárá tó fi tún un tẹ̀. Mọ́nsúrátù ń wò ó, ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

"Mọ́nsúrátù, dìde." Ọ̀gá na ìwé kan sí i. "Kọ̀ǹpútà ti sọ ìràwọ̀ rẹ di orúkọ méjìlá kó tó gbé e fún gbale. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ni mo ní kí gbale máa pa rẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo orúkọ tí wọ́n bá gbé fún un ló ń kọ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Kà á síta."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú."

"Kà á."

"Serifat01," ó bẹ̀rẹ̀, "serifat02..." Ó ń retí ẹ̀rín, ẹnikẹ́ni ò rín. Serifat pàápàá dorí kodò.

Nígbà tó kà á tán, ọ̀gá ní, "Iṣẹ́ tìẹ ló dára jù níbí. Bí oníbàárà bá wá bí ọ nínú lọ́la ńkọ́?" Serifat ló gbà síṣẹ́.

Mọ́nsúrátù sunkún dé Onípanu. Inú Serifat ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n inú ara rẹ̀ ń bí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀san tó ní òun ń gbà, ojú ewé kan ló gbà lọ́wọ́ Serifat, ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi yín ṣẹ̀sín, ẹ fẹjọ́ sùn níbi tó yẹ. Ọ̀gá Adébọ̀dé kò wo ọ̀kan tó pa rẹ́, méjìlá tí Mọ́nsúrátù ní lọ́kàn láti pa rẹ́ ló wò.