Ọkàn Mùkáílà Ń Dánu Dúró

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ náà fi kún. Ọmọ mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn láti àwọn ẹ́sítéètì Lokogoma ní Àbújá. Mùkáílà ló ń wa ọkọ̀. Gàníyátù, ìyàwó rẹ̀, ló ń bójú tó àwọn ọmọ. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ gan-an, ó ń bá Kíkẹ́olúwa, ọmọ ọdún márùn-ún, so okùn bàtà.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì ńlá nígbà tí Gàníyátù ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ náà ń yà díẹ̀díẹ̀ sápá òsì. Ó gbójú sókè. Orí Mùkáílà ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan.

"Bàbá Afeez!"

Kò dáhùn. Tírélà kan ń bọ̀ níwájú. Gàníyátù fò dìde, ó na ọwọ́ kọjá èjìká ọkọ rẹ̀, ó sì fa sítíárìn sí ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìgbà náà ni Mùkáílà ta gìrì, ó tẹ búréèkì mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà dúró sétí gọ́tà. Àwọn ọmọ bú sẹ́kún. "Kai! Kai!" ni awakọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ń pariwo.

Mùkáílà mí kanlẹ̀. Òógùn ti bò ó. "Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àǹtí, Ọ́ńkù ti sùn?" Kíkẹ́olúwa béèrè.

"Rárá o, ọmọ mi. Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni."

Ilé ẹ̀kọ́ kò jìnnà mọ́. Mùkáílà rọra wa ọkọ̀ débẹ̀, Gàníyátù sì di ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀ mú títí wọ́n fi dúró. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀, Mùkáílà fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Afeez, mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Oorun ló gbé mi lọ."

"Oorun wo? Ojú yín ò padé."

"Bí Màdáàmù bá gbọ́, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Tèmi àti tìrẹ."

Gàníyátù mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Lóṣù tó kọjá, ibi tó ti ń ṣe àlùwàlá ló ti ṣubú. Ó ní ilẹ̀ ló yọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákú lórí àga nílé. Kí Gàníyátù tó bu omi dé, ó ti jí. Wọ́n lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́míìsì, nítorí ẹni tó tà á sọ pé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló kéré. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n wádìí lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé ẹnìkan ló ń ṣe é. Mùkáílà ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn sétí. Ikọ́ ti dà á láàmú fún oṣù mẹ́rin lọ́dún tó kọjá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife, wọn ò rí i, ó sì búra pé òun ò ní í jókòó de dókítà mọ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde wá ṣeré, Gàníyátù ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń rí tírélà yẹn ṣáá.

Nígbà tí aago kan ààbọ̀ lù, àwọn ọmọ tò láti wọ ọkọ̀. Mùkáílà ti wà lórí ìjókòó, kọ́kọ́rọ́ ti wà lójú ihò. Gàníyátù ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ, ó sì dì í mọ́wọ́.

"Kí lò ń ṣe yìí?"

"Ẹ forí jì mí. Ọmọ kankan ò ní í wọ ọkọ̀ yìí lónìí."

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Kó kọ́kọ́rọ́ wá!"

Ohùn rẹ̀ ròkè. Àwọn tíṣà yíjú sí wọn. Màdáàmù, ìyẹn Ìyáàfin Oyèbísí tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀. Ojú ọkọ rẹ̀ ni Gàníyátù ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń retí kí wọ́n lé àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta? Ẹ sì ń wakọ̀?" Ìyáàfin Oyèbísí kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí àwọn tíṣà pe àwọn òbí kí wọ́n wá mú ọmọ wọn, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tirẹ̀. "Ẹ wọlé. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

Ojú ọ̀nà ni wọ́n wà tí ó tún ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ Mùkáílà tó wà nínú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Ètè rẹ̀ funfun. "Màdáàmù, ẹ sáré!" Gàníyátù ń pe Ọlọ́run, ó ń gbá ọkọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò mọ iye ìgbà tó pè é kó tó mí.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ Mùkáílà mú, ó wo aago, ó kà á, ó tún un kà. Ó kígbe pé kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wá. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ sì tu ìwé jáde. Orí ìdúró ni Dókítà Adétáyọ̀, tó jẹ́ oníṣègùn ọkàn, ti ka ìwé náà.

"Bàbá, ó yẹ kí ọkàn yín máa lù tó ọgọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ọgbọ̀n ni tiyín ń lù. Nígbà mìíràn, á tún dánu dúró pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń dákú. Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́tàlélógójì."

"Kò yẹ kírú èyí ṣẹlẹ̀ lásán ní ọjọ́ orí yín. Ṣé ikọ́ ti yọ yín lẹ́nu rí? Ṣé ojú máa ń pọ́n, kó máa dùn yín? Ṣé nǹkan kan lé sí yín lára?"

Mùkáílà mi orí pé rárá. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. "Dókítà, ó kọ́ ikọ́ fún oṣù mẹ́rin. Ẹ tún wo èyí." Ó ká ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ sókè. Kókó pupa líle bíi mẹ́fà wà lójúgun rẹ̀. "Ó ní ẹ̀fọn ló jẹ òun."

Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò.

"Àrùn kan wà tó ń jẹ́ sarcoidosis," ló wí. "Àwọn ọmọ ogun ara wa, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, á dédé kóra jọ síbi tí kò sí ọ̀tá, wọ́n á di kókó kéékèèké. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n wọ́pọ̀ sí jù. Wọ́n lè yọ sí awọ ara tàbí ojú. Nígbà mìíràn, wọ́n á wọ inú ẹran ọkàn, á wú, wọ́n á sì dí ọ̀nà tí àmì tó ń pàṣẹ fún ọkàn pé kó lù ń gbà kọjá. N kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni. A ó ya àwòrán àyà àti ọkàn, a ó sì gé díẹ̀ lára kókó yìí lọ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọkàn yín ò lè dúró de èsì. Lónìí la máa fi ẹ̀rọ onígbà díẹ̀ sí i tí á máa bá a lù."

"Ṣé ó ń ràn?" Gàníyátù béèrè. "Àwo kan náà la fi ń jẹun."

"Kì í ràn."

"Ṣé kì í ṣe àfiṣe?"

"A ò tíì mọ ohun tó ń fà á gan-an, ìyá. Àmọ́ kì í ṣe àfiṣe. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú."

Mùkáílà yíjú sí dókítà. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mò ń lò ńkọ́?"

"Kò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ̀ bá máa lò ó títí ọkàn yín á fi dúró tí kò ní í padà lù. Ó sì lè jẹ́ ìdí sítíárìn lẹ ó wà."

Wọ́n gbé e wọlé. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Mùkáílà ò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ ẹ́, á sì kọjú sógiri. Gàníyátù ò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí àìsàn. Ẹ̀rù méjèèjì ló ń bà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìyá Afeez. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé gbogbo àwọn ọmọ náà délé?"

"Gbogbo wọn. Àwọn òbí wọn ló wá mú wọn."

Mùkáílà fi aṣọ bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Gàníyátù gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ, kò dúró.

Èsì àyẹ̀wò jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: àrùn tí dókítà fura sí náà ni. Wọ́n yọ ẹ̀rọ onígbà díẹ̀ náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré mìíràn sábẹ́ awọ àyà rẹ̀ lápá òsì, èyí tí á máa bá ọkàn lù bó bá lọ́ra, tí á sì ta á jí bó bá fẹ́ sá eré àsápajúdé. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀. Oògùn náà mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, Mùkáílà sì fẹ́ pa á tì. Dókítà kìlọ̀ fún un pé dídédé dá a dúró léwu, pé òun nìkan ló lè máa dín in kù. Kò tíì padà sídìí bọ́ọ̀sì. Ìyáàfin Oyèbísí fi í sídìí ìtọ́jú ìwé àti àga ilé ẹ̀kọ́. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, ọkàn Gàníyátù kì í sì í balẹ̀ títí á fi dé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó dákú tó sì jí kò tíì bọ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹlẹ̀, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ẹ má ra oògùn fún un lójú pópó, ẹ má sì jókòó ti ẹ̀sùn pé ẹnìkan ló ń ṣe é. Ẹ sọ gbogbo ohun tó ń ṣe é fún dókítà: ikọ́ tí kò lọ, ojú pípọ́n, kókó ara, àyà tó ń já, èémí tó ń kúrú. Èyí tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan lè jẹ́ òun gan-an ni dókítà ń wá. Bí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Títí dókítà á fi sọ pé ó tó, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń dákú wakọ̀. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ di kọ́kọ́rọ́ mú.