Bùbá Aláwọ̀ Ìyeyè

Bàbá mi tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nà án títí kò fi sí ìhunjọ kankan lára rẹ̀ mọ́. Aṣọ gínì ni, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ láti orí igi. Ṣọ́ọ̀bù wa ò ní fèrèsé ju ẹyọ kan lọ, síbẹ̀ ńṣe ni gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá, èmi ò wọ irú èyí rí o," ni Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayọ̀ wí. "Àwọn èèyàn á máa wò mí."

Ará Kàbà ni ọkùnrin náà, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọdún 1987 ni wọ́n gbé e láti Èkó wá sí Kàrú tí ṣọ́ọ̀bù wa wà, nígbà tí ilé tuntun ń yọ káàkiri tí eruku pupa sì ń bo tolówó tòtòṣì. Aṣọ aláwọ̀ eérú àti dúdú la mọ̀ ọ́n mọ́.

"Ìyàwó mi ló rà á kí a tó kó wá síbí," ó ní. "Ó gé e sí méjì, tirẹ̀ àti tèmi. Tirẹ̀ la fi sin ín."

Bàbá mi gbé téèpù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ó máa ń sọ pé mò ń múra bí ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀. Mo ṣèlérí fún un pé màá wọ tèmi lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ló pé ọdún kan tí Ìbídùnní ti lọ. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Jàbárù télọ̀, ọmọ Ẹdẹ, ni wọ́n ń pe bàbá mi, kì í sì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó mú ọkùnrin náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé aṣọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ nínú oòrùn, ó wò ó títí.

"Ẹ dúdú dáadáa, ó máa yẹ yín," ó ní. "Bùbá nìkan la máa fi rán. Ṣòkòtò á jẹ́ búráùn, fìlà náà á jẹ́ búráùn. Àwọ̀ tó bá ń pariwo, ẹyọ kan ṣoṣo ló tó ọkùnrin. Níbi tí àgbà bá jókòó sí, ẹnìkan ní í sọ̀rọ̀, àwọn yòókù a máa gbọ́."

Ó ní òun ò ní kó iṣẹ́ ọnà sí ọrùn rẹ̀, òwú tó bá aṣọ mu lòun á lò. Ó ní òun á jẹ́ kó tú díẹ̀, nítorí aṣọ tó tàn tó tún fún mọ́ ara a máa sọ àgbàlagbà di ọmọdé.

Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mò ń rẹ́rìn-ín nínú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣekágbá, kò sì sóhun tí mi ò mọ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rù àwọ̀ ló ń ba bàbá mi. Ta ló ń ra aṣọ tó tàn, kó tún wá fi búráùn pa á lẹ́nu mọ́?

Ọjọ́bọ̀ ni bùbá náà parí. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni kíláàsì wa fẹ́ ṣe páàtì ìdágbére. Bàbá mi ti lọ ra òwú ní Kẹ́fí, ó ní ibẹ̀ lòun á ti kírun Jímọ̀. Bó ṣe jáde ni ọ̀rẹ́ mi Rẹ̀mí wọlé.

"Sàkáríyà, kí lo máa wọ̀?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì mi funfun."

"Kai! Gbogbo Kàrú lẹ̀ ń ránṣọ fún, ìwọ wá fẹ́ wọ yúnífọ́ọ̀mù." Ó nawọ́ sí bùbá tí a gbé kọ́ sókè. "Èyí ńkọ́?"

"Ti oníbàárà ni."

"Ṣé ó máa mọ̀ ni? Wákàtí méjì péré."

Gbogbo ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ aṣọ ló mọ ìdánwò yìí. Àwọn télọ̀ kan wà tó jẹ́ pé aṣọ oníbàárà á ti lọ síbi ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹni tó ni ín tó rí i. Bàbá mi ò ṣe é rí. Ó máa ń sọ pé ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹni, mo sì ti gbọ́ ọ títí tí kò fi wọ̀ mí létí mọ́. Mo fi ọ̀pá já bùbá náà sílẹ̀.

Mi ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́ bí bàbá mi ṣe wí. Mo fi ṣòkòtò pupa sí i, mo dé fìlà aláwọ̀ ewé, mo wọ bàtà funfun. Gàníyátù, ọmọ kíláàsì wa tí kì í fi òótọ́ pamọ́, wò mí láti òkè délẹ̀.

"Sàkáríyà, aṣọ ara rẹ ń bára wọn jà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Kò pẹ́ tí iná fi lọ. Rẹ̀mí sáré lọ tú bátìrì mọ́tò bàbá rẹ̀ wá kí orin má bàa dákẹ́. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó wúwo, mo gbé e mọ́ àyà. Nǹkan tutù díẹ̀ kàn mí, mo fi ọwọ́ nù ún. Mo wo aṣọ náà, mi ò rí nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ mo fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sá a sẹ́yìn ilé.

Láàárọ̀ Sátidé, mo kó ẹ̀yín iná sínú áyọ́ọ̀nù. Ibi tí áyọ́ọ̀nù ti kọjá láyà aṣọ náà ni ihò ti là. Ọ̀kan, mẹ́ta, méje, mi ò lè kà á mọ́. Omi bátìrì ti jẹ aṣọ náà láti àná, ó kàn ń dúró de omi àti iná ni.

Bàbá mi wọlé bá mi.

"Èkúté ni," ni mo sọ kó tó bi mí.

Ó gbé aṣọ náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka kan etí ihò kan, etí ihò náà sì rún sílẹ̀.

"Èkúté máa ń gé òwú ni," ó ní. "Kì í jó o."

Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó jókòó, ó tú ìṣẹ́tí aṣọ náà, ó fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kàn án, á tún ya sí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán, kò sì jẹun.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayọ̀ dé. Bàbá mi jáde sí i. Ó fi ọdún mẹ́wàá ju ọkùnrin náà lọ dáadáa, síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pupa. Màlámù tó ń ta ìrèké ní òdìkejì dáwọ́ ọ̀bẹ dúró.

"Ẹ forí jì mí," ni bàbá mi wí. "Ọwọ́ mi ni aṣọ yín ti bàjẹ́."

Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ: èmi ni. Mi ò sọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayọ̀ ò pariwo. Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù títí, kó tó wá gbé bàbá mi dìde. Ó gba bùbá náà pẹ̀lú ihò rẹ̀, ó ká a, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ dúró sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọkùnrin náà wọlé, ó wọ bùbá náà. Ṣòkòtò búráùn, fìlà búráùn, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe wí. Kí n má purọ́, ó yẹ ẹ́. Kò sí ohun tó ń bá aṣọ náà jà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní ọkùnrin yìí mọ aṣọ wọ̀.

Ṣùgbọ́n ní tòsí, síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń hàn láyà, ó sì fi ọwọ́ òsì bò ó. Àlùfáà ní kí ìjọ na ọwọ́ méjèèjì sókè, ọ̀kan lòun nà. Nígbà tó jáde síwájú láti rántí ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ òsì náà ò kúrò láyà. Obìnrin kan lẹ́bàá fèrèsé bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ṣé kò rí aṣọ mìíràn wọ̀ ni?"

Nígbà tí wọ́n túká, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. "Èmi ni mo wọ̀ ọ́, sà. Kì í ṣe bàbá mi."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọmọ ilé kejì wa rí ọ ní páàtì yín. Lánàá, nígbà tí baba rẹ wà nílẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ kọ́tìnì. Mo dúró dè ọ́."

Omi ń bọ́ lójú mi.

"Mo lè forí jì ọ́ ní ti aṣọ," ó ní. "Ti ìyókù, ọwọ́ baba rẹ ló wà."

Mo délé, mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi. "Mo ti gbọ́," ló sọ. Kò nà mí, kò bú mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó ń ti aṣọ tó bá ti parí mọ́ inú àpótí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà níbàdí rẹ̀ títí ó fi kú. Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ò sì gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ wa mọ́.

Èmi náà ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bí ọ̀dọ́kùnrin bá gbé aṣọ tó tàn wá, mo máa ń sọ fún un pé kí ẹyọ kan sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù máa gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń fi èyí kún un: ohun ẹni ní í yẹni. Bùbá yẹn ò yẹ mí nígbà tó ṣì pé. Ó yẹ Ọ̀gbẹ́ni Bámiṣayọ̀ pẹ̀lú ihò lára, nítorí pé tirẹ̀ ni. Bí o bá sì ti ṣẹ̀, tètè jáde lẹ́yìn kọ́tìnì. Má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ.